Ọgbẹ́ Ọ̀rọ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Bí àdá bá ṣá àgbẹ̀ ní ẹsẹ̀ lóko, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ẹni tí ó wà nítòsí yóò sáré wá, a ó fi omi mímọ́ fọ ojú ọgbẹ́ náà, a ó fi aṣọ tí ó mọ́ dì í, a ó sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tí ń mú àgbọ̀n ènìyàn dì pa. Ẹnikẹ́ni kì yóò sọ fún un pé kí ó dìde kí ó máa kọ ebè rẹ̀ lọ, pé àdá lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni ó ṣá ọkùnrin kan náà ní alẹ́ àná, níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí kò sì lè sùn mọ́jú, ohun tí yóò gbọ́ láti ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ lásán náà ni?" Wọn yóò ní kí ó gbé e mì. Yóò sì gbé e mì, yóò sì máa gbé e kiri nínú ara rẹ̀ fún ogún ọdún.

Àwọn àgbà Yorùbá kò fi ojú ohun lásán wo ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ọgbà púpọ̀ yí ahọ́n ká. Ọmọdé tí ó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà ní láti kọ́kọ́ wí pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe," kí ó tó la ẹnu. Òwe mìíràn tilẹ̀ kọ̀ fún ni láti máa ka ìka ẹsẹ̀ oníka mẹ́sàn-án ní ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àrùn tàbí ikú tí ó wọ ilé ẹlòmíràn a máa gba ẹ̀yìn yọ sí ọ̀rọ̀ náà, kí ó má bàa tẹ ojú egbò. Ènìyàn kì í ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí kò lè pa ni lára.

Ara gan-an ni ọ̀rọ̀ búburú ń bá jà. Nígbà tí èébú bá já lu ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín rẹ̀ àti ejò tí ó yọ lójijì lábẹ́ koríko. Ẹ̀yà ara kékeré méjì kan wà tí wọ́n jókòó sórí kíndìnrín bí fìlà. Àwọn ni wọ́n ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìjayà àti nígbà ìbínú. Oje yìí ni ó ń mú kí àyà máa lù kìkì, kí ẹnu gbẹ, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ẹ̀jẹ̀ sì sá lọ sí apá àti itan fún ìjà tàbí fún eré sísá, tí oúnjẹ fi ń dúró nínú ikùn láìdà. Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ènìyàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé kan lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1915.

Bí ejò bá ti lọ, ara a rọlẹ̀, ènìyàn a sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bú kì í jẹ́ kí ejò tirẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ó ń ro ohun tí òun ì bá fi fèsì. Ní òru ó tún ń gbọ́ ohùn ẹni náà. Nígbàkigbà tí ó bá sì rántí, oje yẹn a tún tú jáde bí ẹni pé ìṣẹ́jú náà gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Bí èyí bá pẹ́, oorun a fò lọ, oúnjẹ a di kíkorò lẹ́nu, orí a máa fọ́, agbára iṣẹ́ a sì dínkù. Àgbẹ̀ tí ó ń kọ igba ebè lójúmọ́ a kọ ọgọ́rùn-ún, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó ti ní àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ ní láti ṣọ́ra gidigidi, nítorí ìbínú a máa ti ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Naomi Eisenberger, Matthew Lieberman àti Kipling Williams, tẹ ìròyìn iṣẹ́ kan jáde tí ó jọ eré ọmọdé. Wọ́n mú ènìyàn wọ inú ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa ju bọ́ọ̀lù kan lójú ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹni méjì tí ó gbà pé ènìyàn bí òun ni wọ́n. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àwọn méjì náà bẹ̀rẹ̀ sí ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn nìkan. Kò sí ẹni tí ó bú u, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ apá kan nínú ọpọlọ tí ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara bá ń dun ni ni ó ta jí. Èyí kò wí pé ìrora méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà pátápátá, ṣùgbọ́n ó tó láti dá àwọn tí ń wí pé ìrora ọ̀rọ̀ kò sí níbì kankan lẹ́kun. Bí yíyọ ènìyàn sílẹ̀ nínú eré pẹ̀lú àwọn àlejò tí kò rí rí bá lè ṣe èyí, a lè mọ ohun tí yíyọni sílẹ̀ nínú ìpàdé ẹbí yóò ṣe, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn lórí rẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ni ó ń wọlé jìnnà bákan náà. Alágbàtà tí ó bú àgbẹ̀ lọ́jà nítorí owó gbágùúdá, kí àgbẹ̀ náà tó dé ẹnu odi ìlú ó ti gbàgbé ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò tó ìdajì ìyẹn, ó di ohun tí yóò ro títí ọdún yóò fi yí. Ẹnu tí a fẹ́ràn ni ó ń gún ni jù, nítorí pé a ti ṣí ilẹ̀kùn fún un tẹ́lẹ̀. Bí àwọn tí ó gbọ́ bá pọ̀, ọgbẹ́ a fẹ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì wá bọ́ sí ibi tí ara ti ń dun ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́, bóyá àìlọ́mọ, bóyá àìlówó, bóyá àbùkù ara, bóyá ìtàn kan nípa ìyá rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí, nígbà náà ni ó di bí ẹni tí ó fi igi gún ojú egbò.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹ ní sísọ lọ́tọ̀, nítorí pé ọmọdé kò ní ohun tí yóò fi ja ọ̀rọ̀ òbí rẹ̀ níyàn. Bí àgbàlagbà bá gbọ́ pé "olódo ni ọ́," ó lè ka iye ohun tí ó ti ṣe yọrí láyé kí ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ ọdún méje kò ní ìṣirò kankan nílẹ̀. Ohun tí bàbá àti ìyá bá pè é ni ó gbà pé òun jẹ́. Ní ọdún 2006, Martin Teicher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn McLean ní Massachusetts ròyìn ohun tí wọ́n rí lára ọ̀dọ́ 554, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 22. Wọ́n rí i pé èébú òbí nìkan, láìfi ọwọ́ kan ọmọ rárá, a máa bá ìbànújẹ́, ìjayà àti ìbínú rìn lára àwọn ọ̀dọ́ náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó ti àwọn tí ó dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń rí ìjà àti ìlù láàárín àwọn àgbà.

Àwọn òbí kan rò pé bí wọn kò bá ti mú pàṣán, wọn kò jẹ ọmọ níyà. Àwọn mìíràn rò pé bí àwọn bá ń pè é ní ọ̀lẹ yóò ta jí, pé bí àwọn bá ń fi í wé àbúrò rẹ̀ yóò jowú iṣẹ́ rere. Ohun tí ó máa ń ti ibẹ̀ jáde jù ni ọmọ tí kò fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Yorùbá sì ní oògùn òdìkejì nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́: oríkì. Nígbà tí ìyá bá pe ọmọ ní Àjàní tàbí Àkànkẹ́ ní òwúrọ̀, tí ó sì kì í dé orílẹ̀ baba rẹ̀, a rí i bí ẹ̀yìn ọmọ náà ti ń nà tantan. Ẹnu kan náà ni ó ń kì í ní òwúrọ̀ tí ó sì ń pè é ní òpònú ní alẹ́, ọmọ náà sì gba méjèèjì gbọ́.

Nínú ìtàn àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ ṣá, kò sí èyí tí ó mọ́lẹ̀ tó ti Hánnà, nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní. A máa ń kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn obìnrin tí ń wá ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí; ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ kà á, a ó rí i pé àìrọ́mọbí nìkan kọ́ ni ó pa á lẹ́kún. Pẹ̀nínà orogún rẹ̀ ni, tí ó ń mú un bínú láti ọdún dé ọdún. Kí a sì kíyè sí ìgbà tí ó ń ṣe é: nígbà tí gbogbo ilé bá gòkè lọ sí Ṣílò láti rúbọ, tí Ẹlikánà ọkọ wọn bá ń pín ẹran. Pẹ̀nínà yóò gba ìpín tirẹ̀ àti ti gbogbo ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin rẹ̀. Iye ọmọ wà nínú àwo fún gbogbo ojú láti kà. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú agbo ilé olórogún mọ̀ pé ọjọ́ àjọ̀dún gan-an ni orin òwe máa ń pọ̀ jù. Hánnà sọkún, kò sì lè jẹun. Ohun tí oje ìjayà ń ṣe sí ikùn wà nínú ìtàn náà gedegbe.

Ẹlikánà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fún un ní ìpín tí ó dára. Ó tún bi í bóyá òun kò sàn fún un ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ọgbẹ́ wà, nítorí ohun tí ọkùnrin náà ń wí ni pé kí ó má sọkún mọ́, kò bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ sí i. Kò sì sí ibi kan nínú ìtàn náà tí a ti kà pé ó bá Pẹ̀nínà wí. Irú ọkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ títí di òní: wọn a rọ ẹni tí a ṣá lẹ́kún, wọn a sì fi àdá sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣá a.

Nígbà tí Hánnà lọ tú ọkàn rẹ̀ jáde, ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó, ó sì bá a wí. Ọgbẹ́ kejì nìyẹn, láti ẹnu ẹni tí ó yẹ kí ó tù ú nínú. Ohun tí Hánnà ṣe níhìn-ín yẹ fún ìrònú púpọ̀. Kò gbé e mì, kò sì bú àgbà náà padà. Ó fi ọ̀wọ̀ pè é ní olúwa rẹ̀, ó wí fún un pé òun kò mu wáìnì tàbí ọtí líle, pé ìbànújẹ́ ni ó kún ọkàn òun, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má ka òun sí obìnrin búburú. Ó tún ọ̀rọ̀ èké náà ṣe ní ojú ẹni tí ó sọ ọ́. A sì gbọ́dọ̀ fi iyì fún Élì pẹ̀lú, nítorí pé kò bá a jiyàn. Lójú kan náà ni ó yí ohùn padà, tí ó sì súre fún un.

Lẹ́yìn èyí ni a kà pé obìnrin náà bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Oyún kò tíì sí nígbà náà. Pẹ̀nínà kò tíì yí padà. Kò sí ohun kan nínú ilé náà tí ó yàtọ̀ sí ti àná. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ títí ó fi tán, ẹnìkan sì ti gbọ́ ọ tí ó gbà á gbọ́.

Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ti dé ibí, ó yẹ kí àwọn ìyá ọkọ àti àwọn ọmọ ilé mọ ohun kan kí wọ́n tó tún pe ìyàwó ilé ní àgàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ròyìn ní ọdún 2023 pé nínú ènìyàn mẹ́fà tí ó dàgbà tó láti bímọ lágbàáyé, bí ẹnìkan ni yóò bá ìṣòro àìrọ́mọbí pàdé nígbà kan láyé rẹ̀. Nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọ̀ràn yìí kàn, ìdí kan wà lára ọkọ, bóyá lára rẹ̀ nìkan, bóyá lára àwọn méjèèjì. Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkùnrin kò le, kò sì mú ìrora wá. Ilé ìwòsàn ńlá ń ṣe é. Síbẹ̀ obìnrin ni a ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lù fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ọkọ kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà oníṣègùn.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tí a ń ṣe fún ọgbẹ́ àdá ni a óò ṣe fún ti ọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń dá dúró. Nígbà tí àyà ṣì ń lù kìkì, kò sí èsì kan tí ènìyàn lè fọ̀ tí kò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Kí ó dìde kúrò níbẹ̀. Kí ó wẹ̀, kí ó rìn, kí ó lọ ro oko díẹ̀. Iṣẹ́ tí ń mú òógùn jáde a máa bá ara pa oje ìbínú rẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gun ọ̀pẹ ní wákàtí náà, kí ó má sì gun alùpùpù, nítorí ọwọ́ tí ń gbọ̀n kì í di igbà mú dáadáa. Ọtí kò sí nínú ìtọ́jú yìí. Ọtí a máa mú kí ọ̀rọ̀ náà sùn ní alẹ́, a sì máa jí i ní òru tòun ti agbára tuntun.

Lẹ́yìn náà ni a ń fọ ojú ọgbẹ́. Ọgbẹ́ tí a bò láìfọ̀ a máa jẹrà lábẹ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ẹni tí ń wí pé "kò dùn mí" nígbà tí kò lè jẹun. Àwọn ọkùnrin ni èyí ń pa jù, nítorí láti kékeré ni a ti kọ́ wọn pé ọkùnrin kì í sọkún. Kí ẹni náà wá ẹnìkan, kí ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí: ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n sọ sí mi, ibi báyìí ni ó dùn mí sí. Ẹnìkan, kì í ṣe agbo ilé márùn-ún. Ẹni tí ó bá ń gbé ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo ilé, ọgbẹ́ ni ó ń họ. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ẹ̀jẹ̀ a tún jáde, ọ̀rọ̀ a sì ti padà dé etí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ìrù gígùn. Ẹni tí a bá sì wá bá pẹ̀lú irú ẹjọ́ yìí, etí ni a fẹ́ yá lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ti òun burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò bá ní ẹnìkan tí ó fọkàn tán lè mú bébà. James Pennebaker àti Sandra Beall ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde ní ọdún 1986. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, kí wọ́n máa kọ ohun tí ó dùn wọ́n jù láyé àti bí ó ti rí nínú ọkàn wọn. Lójú ẹsẹ̀ inú wọn tilẹ̀ bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n nínú oṣù mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e, àwọn tí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí ó jẹ́ lára wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn tó àwọn tí ó kọ nípa ohun yẹpẹrẹ. Ìwé tí ènìyàn bá kọ báyìí, ó lè fi iná sun ún lẹ́yìn náà. A kò kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti kà.

Nígbà tí ara bá ti balẹ̀ ni a tó lè fi ajọ̀ jọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń jọ gààrí. Bí aládùúgbò bá wí pé, "Ọ̀lẹ ni ọ́, koríko ti bo oko rẹ," ohun méjì ni ó sọ. Koríko ni a lè fi ojú rí. Kí àgbẹ̀ náà lọ wò ó; bí ó bá jẹ́ òtítọ́, kí ó ro ó, nítorí koríko kò bìkítà nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n "ọ̀lẹ" jẹ́ ìdájọ́ lórí odidi ènìyàn, kò sì sí ojú tí ó lè rí i ní ẹ̀bá oko. Kí ó dà á nù pẹ̀lú èérí. Ìṣòro ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé nítorí koríko wọn a gba ọ̀lẹ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn, nítorí ọ̀lẹ, wọn a kọ̀ láti ro koríko.

Ó tún dára láti wo ipò tí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ wà. Ní àwọn oṣù tí iṣu àtijọ́ ti tán tí tuntun kò tíì jáde, tí owó ilé ìwé sì ń bẹ nílẹ̀, ẹnu a máa gbóná ní gbogbo ilé. Ẹni tí ebi ń pa, tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú, lè sọ ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ṣíméì ń sọ òkò lu Dáfídì tí ó sì ń bú u lójú ọ̀nà, Ábíṣáì fẹ́ lọ bẹ́ ẹ lórí. Dáfídì kò gbà, nítorí ọmọ tí ó ti inú òun fúnra rẹ̀ jáde ń wá ẹ̀mí òun. Èébú Ṣíméì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí ebi yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń ṣe é láti ọdún dé ọdún bí Pẹ̀nínà.

Lọ́dọ̀ irú ẹni tí ó ń ṣe é lemọ́lemọ́ ni a ní láti lọ. Kí ẹni tí ó dùn lọ bá a ní òun nìkan, ní ìrọ̀lẹ́ tí ọwọ́ dilẹ̀, kí ó dárúkọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo àti ọjọ́ kan ṣoṣo: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa ìyàwó mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó dùn mí gidigidi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ irú rẹ̀ mọ́." Kí ó má ka ẹ̀ṣẹ̀ ogún ọdún sílẹ̀, kí ó má sì dárúkọ ìyá tàbí baba ẹnikẹ́ni. Bí kò bá gbọ́, kí a mú àgbà kan dání. Bí kò bá gbọ́ ti àgbà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí ènìyàn dín ìjókòó pẹ̀lú rẹ̀ kù. A lè dárí ji ènìyàn láìpadà lọ jókòó sórí àpótí kan náà tí ó ti máa ń bú ni.

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. "Eré ni mo ń ṣe" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí a ṣá ni a ń bi bóyá eré ni. "Bí ó bá dùn ọ́, má bínú" kò sàn jù ú lọ. Ẹ̀bẹ̀ tí ó ń wo ọgbẹ́ a máa dárúkọ ohun tí a sọ, a gbà pé kò yẹ, kò sì ní "ṣùgbọ́n" kankan ní ìdí rẹ̀. Ibi tí a ti bú ni ni ó yẹ kí a ti bẹ̀ ni. Ẹni tí ó bú ìyàwó rẹ̀ níwájú àlejò mẹ́wàá, tí ó wá bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá nínú òkùnkùn, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó san. Ọmọ pàápàá yẹ lẹ́ni tí a ń bẹ̀. Àwọn bàbá kan gbà pé èyí yóò dín ọ̀wọ̀ àwọn kù, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ "mo ṣì í sọ" láti ẹnu bàbá rẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀ títí láé.

Ọgbẹ́ mìíràn ju omi àti aṣọ mímọ́ lọ. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ènìyàn kò sùn dáadáa, tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, tí ohun tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, tí ó ń wí pé òun kò wúlò, oníṣègùn ni ó kàn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró nínú èyí tí àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn fi ń gbé ní abúlé àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nítòsí, pẹ̀lú ìbátan wọn kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ púpọ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, pé kò yẹ kí a yọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dùn kúrò láàárín ènìyàn.

Bí ẹni náà bá ń sọ̀rọ̀ ikú, bóyá bí àwàdà, kí ẹni tí ó gbọ́ bi í léèrè gbangba bóyá ó ń ro láti pa ara rẹ̀. Bíbi í kò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó ń jẹ́ kí ó lè sọ ọ́ ni. Kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀ràn yìí kan ilé àgbẹ̀ ju ilé mìíràn lọ, nítorí oògùn apakòkòrò àti oògùn apakoríko wà ní igun yàrá rẹ̀. Ìrònú láti kú a máa dé bí ìjì, a sì máa kọjá. Ohun tí ó bá wà nítòsí ọwọ́ ní wákàtí náà ni ó ń pinnu ìyókù. Ní ilẹ̀ Sri Lanka, lẹ́yìn tí ìjọba fi òfin de àwọn oògùn oko tí ó lóró jù láti ọdún 1995, iye àwọn tí ń pa ara wọn dínkù gidigidi. Ní Nàìjíríà, ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré oògùn DDVP ní ọjà gbangba.

Nítorí náà, oògùn oko kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí a ń sùn sí, a kò sì gbọdọ̀ dà á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Inú àpótí tí a tì pa ni ibi rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ nínú ilé. Bí ènìyàn bá ti mu ún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, kí a má sì fi ipá mú un bì. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì mú ìgò oògùn náà dání, kí oníṣègùn lè ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀.